Iboru, Iboya: Bí Àwọn Ènìyàn Wa Ṣe Kọ́ Èdè Sípáníìṣì ní Kúbà, àti Ìdí Tí Èmi Náà Fi Ń Kọ́ Ọ

Mo júbà olúwo mi tó ti re ìwàlẹ̀ àsà. Mo júbà àwọn awo tí a kó lọ tí wọn kò padà wálé mọ́.

Ó pẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń bi mí ní ìbéèrè kan, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìrókò níhìn-ín tilẹ̀ ti sọ ọ́ di àwàdà: kí ni babaláwo tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń wá lọ sí Mọ́níyà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, tòun ti ìwé àti bírò lábẹ́ abíyá bí ọmọ iléèwé? Èdè Sípáníìṣì ni mo ń lọ kọ́. Olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, tábìlì kan. Ìdáhùn náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ló gùn, nítorí pé láti inú ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ẹnu ara mi sọ, tí kò yẹ kí n sọ, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì mú mi lọ bá ìtàn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù Kúbà.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àlejò mẹ́rin ti òkè òkun wá sí Ìrókò. Mẹ́ta nínú wọn wá tẹfá. Ẹnì kẹrin jẹ́ àgbà awo láti Matanzas ní Kúbà, tó tẹ̀lé ọmọ awo rẹ̀ wá. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọ́ Yorùbá àyàfi èyí tó wà nínú orin àti ìjúbà. Ògbufọ̀ méjì ló wà láàárín wa: ọ̀kan ń ti Sípáníìṣì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ń ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá. Nígbà tí a ṣe ètò òwúrọ̀ tán tí a jókòó láti jẹun, ọ̀rọ̀ kan ìkíni àwa awo. Àgbà náà sọ pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ àwọn, Iboru, Iboya àti Ibochiche jẹ́ orúkọ obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ran Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́ nígbà ìpọ́njú, Ọ̀rúnmìlà sì sọ orúkọ wọn di ìkíni kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé wọn láé.

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Mo sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, pé kí ẹbọ rú, kí ẹbọ yè, kí ẹbọ sì ṣẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀, pé bí awo kò bá mọ ìtumọ̀ ìkíni, kí ni ó wá mọ̀? Àwọn ọmọ awo mi bá mi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mi gba ẹnu ènìyàn méjì kọjá kí ó tó dé etí àgbà náà, n kò sì mọ ohun tí ó dà nígbà tí ó débẹ̀. Ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan. Ògbufọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, ọmọ náà ní, “Kò sọ nǹkan kan, Bàbá.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe parí ọ̀sẹ̀ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ lẹ́nu àti òtútù láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun tí Ìwòrì Méjì sọ nípa ìkíni yìí. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di ọba àti ẹni ńlá. Ó ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Alárá dé, ó wólẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí a kí awo. Ajerò dé, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan Ọlọ́wọ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Ọlọ́wọ̀ wọ aṣọ bíi ti bàbá rẹ̀, ó dé adé bíi tirẹ̀, ó sì kọ̀, kò wí pé àbọrú, kò wí pé àbọyè. Ó ní adé kì í wólẹ̀ fún adé. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú: àgàn kò rí ọmọ bí, odò gbẹ, iṣu kò ta. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà, kò padà. Ikin mẹ́rìndínlógún ni ó fún wọn, ó ní ẹni tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nítorí ìkíni kan tí ọmọ kan kọ̀ láti sọ ni a ṣe ń fi ikin bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí di òní.

Mo ti ń pe Ifá yìí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ olúwo mi ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹni tí mo ń bá wí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń pè é ni Ọlọ́wọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan lè jókòó nílé mi tí àwọn baba rẹ̀ gbé ìkíni náà la òkun kọjá nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọn kò jẹ́ kí ó já bọ́, kí n sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, oorun kò kùn mí dáadáa. Mo sọ fún ìyàwó mi pé màá kọ́ èdè náà. Ó ní ṣé lójú ogbó báyìí? Mo ní àwọn tí wọ́n kó lọ náà, àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi dá ìyàwó mi lóhùn yìí ni ó wá di ìbéèrè fún mi. Báwo gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ọ?

Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Akínyẹlé àti Lágelú lónìí jẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá Gbágùrá nígbà kan. Láàárín 1820 sí 1830 ni ogun tú Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká. Ìbàdàn di ibùdó àwọn jagunjagun ní nǹkan bí 1829, àwọn Ẹ̀gbá sì lọ tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ fi túká. Ẹni tí ogun kó kì í ṣe ọmọdé nìkan. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ìyálọ́jà wà níbẹ̀, awo wà níbẹ̀. Sípéènì ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1817 pé ní 1820 òwò ẹrú yóò dópin, ṣùgbọ́n àwọn olóko ìrèké Kúbà kò kà á sí. Wọ́n ń kó ènìyàn wọlé ní bòńkẹ́lẹ́ títí di nǹkan bí ọdún 1867. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn tiwa níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé “olùkù mi” ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń pe ara wọn nígbà náà.

Nínú ìwé ìtàn kan tí olùkọ́ mi yá mi ni mo ti pàdé ọ̀rọ̀ náà bozal. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Áfíríkà dé, tí kò gbọ́ Sípáníìṣì, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní ladino. Ó wá dákẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ajá lẹ́nu kó má baà gé ènìyàn jẹ.” N kò lè ka ìwé mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan lè wà nínú ọkọ̀ yẹn tó lè ki Ifá láti Èjì Ogbè dé Òfún Méjì láì sinmi, kí ó sì gúnlẹ̀ ní Matanzas kí wọ́n máa pè é ní ẹni tí a dè lẹ́nu.

Kò sí iléèwé kankan fún wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ni ọ̀rọ̀ àṣẹ: dìde, gé e, gbé e, yára. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi kọ́ ìyẹn, kì í ṣe etí. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì náà gbìyànjú tiwọn. Ní 1797, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Duque de Estrada tẹ ìwé kan jáde ní Havana láti ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni fún àwọn bozal, ní èdè tó rọrùn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n ń fojú rí lóko ìrèké. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ràn ohun tí ó fẹ́ kọ́ wọn. Ó mọ̀ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni a fi ń mú un dé ibi tí kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ gidi tí wọ́n ní ni ẹnì kejì wọn tó ti ṣáájú débẹ̀. Ẹ̀rí èyí wà nínú ìwé. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ kan wà ní Havana, ti Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì, tó ń dájọ́ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n bá mú lójú òkun. Láàárín 1824 sí 1841, wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ó lé ní 10,000 ènìyàn: orúkọ tí ẹni náà mú ti ilé wá, orúkọ Sípáníìṣì tí wọ́n fún un, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìran rẹ̀. Akọ̀wé kò gbọ́ èdè wọn. Nítorí náà, wọ́n á wá ẹnì kan tó jẹ́ ìran wọn, tó ti wà ní Kúbà ṣáájú, tó ti gbọ́ Sípáníìṣì, láti bi wọ́n ní orúkọ. Ẹ fojú inú wo ọ̀sán ọjọ́ náà. O ti wà nínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, o rò pé gbogbo ayé ni wọ́n ti gba èdè rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan wá dìde láàárín àwọn òyìnbó, ó bi ọ́ pé, “Kí ni orúkọ rẹ?”

Láàárín ìlú, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo, tí àwọn tó jẹ́ ìran kan náà fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń sin òkú wọn, tí wọ́n sì fi ń lu ìlù wọn lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn Kátólíìkì. Ẹni tó dé lánàá ń kọ́ Sípáníìṣì lọ́wọ́ ẹni tó dé lọ́dún tó kọjá, ẹni tí wọ́n bí sí Kúbà sì ń kọ́ Lucumí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Esteban Montejo, ẹrú tó sá lọ gbé inú igbó, tí Miguel Barnet sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ ní 1966, rántí pé àwọn Lucumí a máa jí ní kùtùkùtù, wọn a gbójú sókè, wọn a gbàdúrà, wọn a sì wọ́n omi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jí nílé awo rí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Wọn kì í sì í ṣe ẹni tó ń tẹrí ba nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, Carlota, obìnrin Lucumí, wà lára àwọn tó ṣíwájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko Triunvirato ní Matanzas. Wọ́n pa á níbẹ̀. Ọdún 1843 yìí kan náà ni Àjàyí Crowther, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní tirẹ̀, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo máa ń ronú lórí àwọn méjèèjì. Láti ọ̀dọ̀ Crowther àti àwọn tó tẹ̀lé e ni a ti ní ẹ àti ọ àti ṣ tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, títí dé ìpàdé àkọtọ́ ti 1875 ní Èkó. Àwọn tó wà ní Kúbà kò bá wa jókòó ní ìpàdé yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ Ifá sílẹ̀ nínú ìwé àjákọ tí wọ́n ń pè ní libreta, lẹ́tà Sípáníìṣì nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ibí ni ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí dùn. Ṣáájú ìgbà náà, bí wọ́n bá fi ìwé àwọn ará Kúbà hàn mí, màá ní èdè tó bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́. Ó wọ aṣọ mìíràn ni. Sípáníìṣì kò ní ṣ, nítorí náà wọ́n fi ch rọ́pò rẹ̀: aché ni àṣẹ, ocha ni òòṣà, Ochún ni Ọ̀ṣun. J wọn ń dún bíi h tiwa, nítorí náà wọ́n mú y: moyuba ni mo júbà, Oyekun Meyi ni Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Oñí ni oyin, eyelé ni ẹyẹlé, akukó ni àkùkọ, addimú ni àdìmú. Omi ewé tí wọ́n fi ń wẹ òòṣà, omiero ni wọ́n ń pè é, omi ẹ̀rọ̀. Ìtàn inú odù ni wọ́n ń pè ní patakí, ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí, pàtàkì! Ọ̀rọ̀ tí àwa ń lò fún ohun tó ṣe kókó ni wọ́n fi pe ìtàn, mo sì gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí mo lóye àṣírí àwọn lẹ́tà náà, mo ka ojú ewé mẹ́ta ìjúbà láìdúró, olùkọ́ mi ni ó wá ń bi mí ní ìtumọ̀.

Ohun tí wọ́n pàdánù ni ohùn. Fáwẹ́lì márùn-ún péré ni Sípáníìṣì ní, kò sì ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀. Lójú ìwé, oko lè jẹ́ oko àgbẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ nǹkan tí a kì í dárúkọ níwájú àgbà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín jù, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà láti Ìrókò níhìn-ín. Mo ní kí ògbufọ̀ kan sọ fún obìnrin kan ní Mexico pé kí ó wá àgbo, kí ó máa fi wẹ̀. Kí n tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti ra àgbò. Ó ń bi mí bí òun yóò ṣe fi ẹran wẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa olùkọ́ mi díẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Malabo ni ó gbé dàgbà, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ta aṣọ, ní Equatorial Guinea, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí Sípáníìṣì ti jẹ́ èdè ìjọba. Sípéènì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1968. Fernando Pó ni à ń pe erékùṣù náà nígbà náà, àwọn ará Nàìjíríà sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní oko kòkó ibẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ń pè mí ní Bàbá, èmi ń pè é ní Tíṣà. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó tán, kò sí ojúsàájú mọ́. Bí mo bá ṣì í, yóò ní kí n tún un sọ ní ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé ìwé wá, tó ya ilà, tó kọ hablo, hablas, habla sí i, kò wọ̀ mí lórí. Mo ní, “Tíṣà, ojú kọ́ ni mo fi kọ́ Ifá, etí ni. Ẹ sọ ọ́, kí n máa tẹ̀lé yín.” Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ́ ọ bí ọmọ awo ṣe ń kọ́ Ifá: ó ń sọ, mò ń gbè é, ó ń fi kún un, mò ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ gbogbo ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe wọn di ohun tí mò ń fi ohùn ìyẹ̀rẹ̀ sun. Àwọn ará ilé rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé mo wá ṣètùtù ni.

Ẹni tó ń ti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Sípáníìṣì a máa ráhùn lórí ser àti estar. Ọmọ Yorùbá kì í ráhùn púpọ̀ níbẹ̀: babaláwo ni mí, soy babalawo, mo wà ní Ìrókò, estoy en Iroko. Méjì ni lọ́dọ̀ wa, méjì ni lọ́dọ̀ wọn. Ilé funfun ni wọ́n ń sọ bíi tiwa, kì í ṣe funfun ilé. Wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ àti ẹ̀yin, tú àti usted, inú mi sì dùn láti bá èdè òyìnbó kan pàdé tó mọ àgbà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni akọ àti abo. Tábìlì jẹ́ abo, ìwé jẹ́ akọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo máa ń ronú sí bí baba àgbẹ̀ kan láti Òwu ṣe gbọ́ èyí lóko ìrèké, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà yìí kọjá ni Adéṣínà. Adechina ni wọ́n ń kọ ọ́. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí, wọ́n kó o dé Kúbà ní nǹkan bí 1830, wọ́n sì fún un ní orúkọ ìsàmì, Remigio Herrera. Àwọn awo ibẹ̀ a máa pìtàn pé ó gbé ikin rẹ̀ mì kí ó tó wọ ọkọ̀, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di òmìnira, ó kó lọ sí Regla, ìlú èbúté tó dojú kọ Havana, ó ní ilé, ó ní ẹgbẹ́ Lucumí, ó sì tẹ àwọn tí wọ́n bí sí Kúbà nífá. Àwọn wọ̀nyí ni Sípáníìṣì jẹ́ èdè ẹnu wọn. Ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe. Ọ̀tọ̀ ni kí àgbà kọ́ èdè láti fi ra iyọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ó gbọ́ ọ débi tí yóò fi ṣàlàyé odù nínú rẹ̀ fún ọmọ awo kan, lójúkojú, bí olúwo rẹ̀ ti ṣe fún òun, kí odù má sì kú sí i lẹ́nu. Ó kú ní 1905. Ọmọbìnrin rẹ̀, Josefa, tí orúkọ òòṣà rẹ̀ ń jẹ́ Echubí, Èṣùbí tiwa, ni ó gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ṣe títí ó fi kú ní 1947. Lónìí, nígbà tí awo Kúbà bá ń júbà, wọ́n ń dárúkọ Adéṣínà láàárín àwọn òkú wọn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn awo àgbà láti Ìrókò dé Fìdítì. N kò rí ẹnì kan tó gbọ́ orúkọ náà rí.

Nípa báyìí ni Sípáníìṣì ṣe di èdè Ifá. Àdúrà àti orin dúró ní Lucumí, àlàyé bọ́ sí Sípáníìṣì. Dice Ifá, ni wọ́n ń kọ, ìyẹn, Ifá ní. Wọ́n ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn gidigidi: lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan, wọ́n a to gbogbo ohun tí odù náà bí sáyé, aquí nació, ibí ni a ti bí i. Lydia Cabrera kó ọ̀rọ̀ Lucumí jọ sínú ìwé kan, Anagó, ní 1957. Ọọ̀ni Síjúwadé lọ sí Kúbà ní 1987, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n sì fi gbà á. Láti ìgbà náà ni àwa awo ti ń rìnrìn àjò lọ, tí wọ́n ń rìnrìn àjò wá, tí àwọn kan nínú wa sì ń dúró níwájú wọn láti sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò tọ́. Èmi náà wà lára wọn. Ní ti àwọn èèwọ̀ àti ètò kan, mo ṣì ní ìjiyàn mi pẹ̀lú wọn, màá sì ṣe é. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣe é lẹ́yìn tí mo bá ti ka ohun tí wọ́n ní.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi ń fi fóònù gba ohùn wa sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín yẹn. Nígbà tí mo ti kọ́ èdè náà fún bí oṣù mẹ́jọ, mo gbé e lọ fún Tíṣà, mo ní kí ó bá mi túmọ̀ gbólóhùn tí ògbufọ̀ kò túmọ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní rárá, Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ó túmọ̀ rẹ̀. Mo fi etí sí i títí. Así me lo enseñó el que me enseñó. Enseñar, kọ́ni, a ti kọ́ ìyẹn ní oṣù kejì. Bí ẹni tó kọ́ mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Kò bú mi, kò jiyàn. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà ì bá sọ ni, bí ẹnì kan bá fi Ifá tí olúwo mi kọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé onílé.

Mo wá ronú sí àwọn obìnrin mẹ́ta náà. Ìyàwó Ọ̀rúnmìlà tí à ń pè ní Ìwà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe obìnrin ni a pè é nínú Ifá tiwa, tí ó bínú kúrò nílé, tí Ọ̀rúnmìlà sì ń wá a kiri? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Bí ìwà bá lè jẹ́ obìnrin, kí ló ní kí ẹbọ tó rú má lè jẹ́ obìnrin? Èrò tèmi, n kò fi dandan lé e, ni pé nígbà tí ohùn ọ̀rọ̀ náà ń sá lọ lẹ́nu àwọn ọmọ, àgbà awo kan fi ojú àti orúkọ fún un kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú. Ó sì lè jẹ́ pé láti ilé níhìn-ín ni wọ́n ti gbé ìtàn náà lọ, kí ó wá jẹ́ pé àwa ni a gbàgbé.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àgbà náà ní Matanzas lórí fóònù ọmọ awo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Tíṣà jẹ́ kí n tún un sọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ: Maestro, perdóneme. Me reí de lo que le enseñaron. Mo bẹ̀ yín, mo rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n kọ́ yín. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, kò sí èsì. Ní ọjọ́ karùn-ún, ohùn rẹ̀ dé. Ó kọ́kọ́ kí mi, Iboru, Iboya, Ibochiche, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pa ìtàn àwọn obìnrin náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé awo. Mo ti kọ ti Iboru àti Iboya sílẹ̀ tán. Ìpín kẹta kò tíì dé, ọmọ awo rẹ̀ ní iná mànàmáná ló ń da àwọn láàmú níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni màá tún lọ sí Mọ́níyà.